Bí A Ṣe Ń Ya Fọ́ǹtì Kíki Onígun Tó Gba Àmì Ohùn Yorùbá

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn fọ́ǹtì kíki onígun tí àwọn ayàwòrán wa ń lò fún pátákó ìpolówó, èèpo àwo orin àti aṣọ ẹgbẹ́ ni kò mọ Ẹ̀ tàbí Ọ́ rárá. Bí a bá tẹ ọ̀rọ̀ Yorùbá sínú wọn, kọ̀ǹpútà á lọ yá Ọ tín-ín-rín láti inú fọ́ǹtì mìíràn, á sì tì í sáàárín àwọn lẹ́tà tó nípọn. Tàbí kẹ̀, àmì ohùn á fo fáwẹ̀lì tó ni ín, á lọ bà sórí lẹ́tà tó tẹ̀ lé e. Ẹni tó fẹ́ ya irú fọ́ǹtì bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀ ni mo kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún. Ohun tí mo sì fẹ́ kí ó dì mú láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ni pé àmì ohùn àti àmì abẹ́ ni a kọ́kọ́ ń wá àyè fún, kí a tó ya lẹ́tà kankan. Ẹni tó bá ya A dé Z tán kí ó tó máa wá ibi tí yóò lẹ àmì mọ́ yóò tún gbogbo rẹ̀ yà ni.

Ó dára kí a mọ ibi tí ìrísí yìí ti wá, nítorí pé ibẹ̀ ni òfin rẹ̀ wà. Ní ọdún 1827 ni Darius Wells, ní ìlú New York, rí ọ̀nà láti máa fi ẹ̀rọ gbẹ́ lẹ́tà igi lọ́pọ̀ yanturu fún àwọn tó ń tẹ pátákó ìkéde ńláńlá. Nígbà tó yá, ilé iṣẹ́ Hamilton ní Two Rivers, ìpínlẹ̀ Wisconsin, di ọ̀gá nínú iṣẹ́ náà. Lára àwọn lẹ́tà tí wọ́n gbẹ́ láyé ìgbà náà ni a ti rí èyí tí kò ní ìlà yíyí kankan, tó jẹ́ pé ìlà gbọọrọ àti igun tí a gé ní dàgẹ̀rẹ̀ ló dí àyè ohun tó yẹ kó yí. Ìdí tí irú ìrísí bẹ́ẹ̀ fi tàn kálẹ̀ kò ṣòro láti rí: ìlà tó gbọọrọ rọrùn láti fi ayùn gé lára igi, láti fi sáàsì gé lára aṣọ àwọn eléré ìdárayá, àti láti fi ọ̀bẹ gé lára páálí tí wọ́n ń fọ́n ọ̀dà gbà kọ ọ̀rọ̀ sára àpótí àti àgbá. Ní ọdún 1932, Morris Fuller Benton ya fọ́ǹtì Agency Gothic fún ilé iṣẹ́ American Type Founders. Ní ọdún 1970, Ronne Bonder àti Tom Carnase ya fọ́ǹtì Machine fún ilé iṣẹ́ ITC. Bí ẹ bá wo Machine, ẹ ó rí i pé lẹ́tà ńlá nìkan ló ní, kò sì sí ibì kan tó yí lára rẹ̀. Lẹ́tà ńlá nìkan ni àwa náà yóò yà.

Ìgbésẹ̀ kìíní: irinṣẹ́

Ìwé alápótí kéékèèké tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi ń ya gíráàfù, rúlà àti pẹ́ńsù ti tó láti fi bẹ̀rẹ̀. Lórí kọ̀ǹpútà, FontForge, ètò tí a fi ń ya fọ́ǹtì, jẹ́ ọ̀fẹ́, ó sì ń ṣiṣẹ́ lórí Windows, Mac àti Linux. Ẹni tó ní Mac tó sì lè náwó lè lo Glyphs. Nínú FontForge, ẹ ṣí fáìlì tuntun, ẹ lọ sí Element, ẹ yan Font Info, kí ẹ sì rí i dájú pé Em Size, ìyẹn gíga àpótí tí a ń ya lẹ́tà sí, jẹ́ 1000 lábẹ́ General. Yúníìtì 1000 yìí ni gbogbo ìwọ̀n tí mo bá dárúkọ nísàlẹ̀ yóò máa tọ́ka sí. Ẹ sì rí i pé Encoding wà lórí Unicode, ètò tó fún lẹ́tà gbogbo èdè ní nọ́ńbà, kí ẹ lè rí àyè gbogbo lẹ́tà Yorùbá.

Ìgbésẹ̀ kejì: pín gíga kí o tó ya ohunkóhun

Ẹ ya ìlà ìjókòó, ìyẹn ìlà tí gbogbo lẹ́tà dúró lé, sórí òdo. Ẹ fi orí lẹ́tà ńlá sí 700. Lókè rẹ̀, ẹ fi àlàfo 50 sílẹ̀, kí àmì ohùn sì ga ní 120; orí àmì náà yóò dé 870. Nísàlẹ̀ ìlà ìjókòó, ẹ tún fi 50 sílẹ̀, kí àmì abẹ́ gba 110. Ìdí rẹ̀ yóò dé 160 sísàlẹ̀. Bí ẹ bá ro ó pọ̀, ẹ ó rí i pé Ọ̀ kan ṣoṣo gba 1030 láti orí dé ìdí, èyí tó ju 1000 tí a fi ṣe òdiwọ̀n lọ. Ibí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ fọ́ǹtì onígun ti kùnà fún èdè wa, nítorí pé 800 lókè àti 200 nísàlẹ̀ ni wọ́n fi sílẹ̀, tí Windows yóò sì gé orí àmì ohùn dànù láìbèèrè. Nínú Font Info, lábẹ́ OS/2, Metrics, ẹ fi Win Ascent (ààlà òkè) sí 950 àti Win Descent (ààlà ìsàlẹ̀) sí 220, kí ẹ sì fi iye kan náà sí ti HHead, tí Mac ń lò. Ní ti HHead, iye ìsàlẹ̀ máa ń ní àmì ìyọkúrò níwájú, ìyẹn −220.

Àwọn ayàwòrán kan máa ń dín gíga lẹ́tà tó ní àmì kù kí àmì náà lè ráyè. N kò fara mọ́ ọn. Nínú ÒGBÓMỌ̀ṢỌ́, mẹ́rin nínú lẹ́tà mẹ́jọ ló ní àmì ohùn. Bí a bá gé àwọn yẹn kúrú, tí G, B, M àti Ṣ sì ga, ọ̀rọ̀ náà yóò máa rí gbágungbàgun, bẹ́ẹ̀ títẹ́jú orí àti ìdí ọ̀rọ̀ lágbára gbogbo irú fọ́ǹtì yìí. Bí àyè bá há jù, gbogbo lẹ́tà ni kí ẹ dín kù pa pọ̀, kí orí wọn wá sí 660.

Ìwọ̀n kan náà ló tún ń sọ bí ìlà ọ̀rọ̀ kan yóò ṣe jìnnà sí èkejì. Àmì abẹ́ ìlà òkè àti àmì ohùn ìlà ìsàlẹ̀ kò gbọ́dọ̀ kan ara wọn, nítorí náà a ó fi 70 kún 1030, kí ó di 1100. Lẹ́tà tí a bá tẹ̀ ní pọ́ǹtì 100, kí ìlà rẹ̀ fi pọ́ǹtì 110 jìnnà síra, ó kéré tán.

Ìgbésẹ̀ kẹta: H àti O

H ni yóò fún wa ní kíki, O ni yóò fún wa ní igun. Ẹ ya H kí ó fẹ̀ ní 520, kí ọ̀pá rẹ̀ méjèèjì tó dúró nípọn ní 160, kí igi ìdábùú àárín nípọn ní 140. Mo ní kí ìdábùú tín-ín-rín ju ọ̀pá lọ nítorí pé ojú máa ń rí ohun tó dùbúlẹ̀ bí ẹni pé ó nípọn ju ohun tó dúró lọ. Bí ẹ bá ṣe méjèèjì ní 160, ìdábùú ni yóò dà bí ẹni pé ó sanra jù. Àyè funfun tó kù láàárín ọ̀pá méjèèjì jẹ́ 200.

O náà fẹ̀ ní 520, ó sì ga ní 700. Ẹ kọ́kọ́ yà á bí àpótí gbọọrọ tó ní ihò láàárín, ọ̀pá 160 ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ìdábùú 140 lókè àti nísàlẹ̀. Lẹ́yìn náà ni gígé igun kàn, ìhín sì ni iṣẹ́ ti ń bàjẹ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ohun tó máa ń kọ́kọ́ wá síni lọ́kàn ni pé kí a gé igun òde ní dígírì 45, kí a sì fi dàgẹ̀rẹ̀ tó gùn bákan náà dí igun ihò inú. Bí ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀, iye yòówù tí ẹ bá gé, ara lẹ́tà tó wà lórí dàgẹ̀rẹ̀ yóò nípọn tó 212, bẹ́ẹ̀ ọ̀pá kò ju 160 lọ. O yóò wá ní kókó dúdú mẹ́rin ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ojú á sì máa lọ síbẹ̀.

Ìṣirò tó ń tún un ṣe kò le. Ẹ ro ìnípọn ọ̀pá pọ̀ mọ́ ti ìdábùú, ẹ fi iye gígé inú kún un, ẹ yọ iye gígé òde kúrò, kí ẹ sì fi 1.414 pín ohun tó kù. Bí gígé òde bá jẹ́ 140, tí gígé inú jẹ́ 52, 160 àti 140 àti 52 jẹ́ 352. Ẹ yọ 140, ó ku 212. Ẹ fi 1.414 pín in, ẹ ó rí 150, èyí tó wà láàárín ìnípọn ọ̀pá àti ti ìdábùú gẹ́lẹ́. Ìyàtọ̀ 88 láàárín gígé òde àti gígé inú ni kí ẹ máa mú lọ sára gbogbo lẹ́tà tó kù. Ẹni tó bá fẹ́ kí fọ́ǹtì rẹ̀ le koko bí àwo irin tí wọ́n kan mọ́ ara ẹ̀rọ lè gé òde ní 88, kí ó fi igun inú sílẹ̀ láìgé. Ẹni tó bá fẹ́ kí ó sún mọ́ yíyí díẹ̀ lè gé òde ní 140 bí a ti ṣe yìí. Èyí tó bá wù yín ni kí ẹ mú, ṣùgbọ́n kí ẹ má ṣe yí i padà láti lẹ́tà kan sí òmíràn.

Nínú fọ́ǹtì tó ní ìlà yíyí, O máa ń yọ díẹ̀ kọjá ìlà lókè àti nísàlẹ̀ kí ó má bàa dà bí ẹni pé ó kéré. Tiwa kò nílò èyí, nítorí pé orí àti ìdí O wa tẹ́jú; òdo àti 700 gẹ́lẹ́ ni kí ó ti bẹ̀rẹ̀ kí ó sì ti parí.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: àwọn lẹ́tà tó kù

Láti ara H ni E, F, I, L àti T ti ń jáde. Láti ara O ni C, D, G, J, Q, U àti ìlàjì B, P, R àti S. E ni kí ẹ fi dán kíki wò. Ìdábùú rẹ̀ mẹ́ta ní 140 jẹ́ 420, àyè funfun tó kù jẹ́ 280, ìyẹn 140 láàárín ìdábùú kan àti èkejì. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ kí fọ́ǹtì túbọ̀ ki, tó sọ ìdábùú di 180, àlàfo kọ̀ọ̀kan yóò dín sí 80, E yóò sì di ìdì dúdú kan bí ẹ bá ti tẹ̀ ẹ́ ní kékeré.

Níwọ̀n ìgbà tí igun ti dípò yíyí, àwọn lẹ́tà kan á fẹ́ jọra. D gbọ́dọ̀ ní igun mímú méjì ní ẹ̀gbẹ́ òsì, kí ó má bàa di O. B pẹ̀lú bẹ́ẹ̀, kí ó má bàa di 8. Ẹ fi igun òkè lápá òsì 5 sílẹ̀ láìgé, ṣùgbọ́n kí ẹ gé ti S. Ẹ ya nọ́ńbà òdo (0) kí ó fẹ̀ ní 460 péré. Ìrù Q kò gbọ́dọ̀ wà láàárín ìdí rẹ̀ láéláé. Igun ọ̀tún nísàlẹ̀ ni kí ó gbà jáde, nítorí pé ìrù tó bá wà láàárín yóò sọ Q di Ọ lójú ẹni tó ń ka Yorùbá.

Ní ti A, ìmọ̀ràn mi yàtọ̀ sí èyí tí ẹ lè rí níbòmíràn. Dípò A olórí ṣóńṣó, ẹ yà á bí H tí a fi ìdábùú bo orí rẹ̀, tí a sì gé igun òkè rẹ̀ méjèèjì ní 140. Orí rẹ̀ yóò tẹ́jú, àmì ohùn yóò sì jókòó lé e gẹ́gẹ́ bí ó ti jókòó lé E àti O. M àti W ní ọ̀pá púpọ̀, nítorí náà ẹ dín ọ̀pá wọn sí 140, kí ẹ sì fẹ̀ wọ́n dé 680. C, Q, V, X àti Z kò sí nínú álífábẹ́ẹ̀tì wa, ṣùgbọ́n orúkọ ènìyàn, ilé iṣẹ́ àti àdírẹ́sì íntánẹ́ẹ̀tì ń lò wọ́n. Ẹ yà wọ́n.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: àmì ohùn àti àmì abẹ́

Àmì ohùn òkè jẹ́ ọ̀pá kékeré tó dà sápá ọ̀tún, tí a gé orí àti ìdí rẹ̀ pẹrẹsẹ. Ẹ fún un ní gíga 120 àti fífẹ̀ 130, kí ẹ sì dà á ní dígírì 45 bíi ti igun lẹ́tà. Fífẹ̀ rẹ̀ lápapọ̀ yóò di 250. Ti ohùn ìsàlẹ̀ jẹ́ èyí kan náà tí a yí sódì. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ó nípọn tó ọ̀pá lẹ́tà, nítorí pé bí àmì kúkúrú bá sanra jù, a kò ní mọ ibi tó dà sí mọ́, ibi tó dà sí yìí sì ni gbogbo iṣẹ́ rẹ̀.

Ẹ wá wo I. Ọ̀pá rẹ̀ jẹ́ 160, àyè ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ 45 lápá kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 250, tó ṣe déédéé pẹ̀lú fífẹ̀ àmì. Ẹ tẹ KÌÍNÍ. Ẹsẹ̀ àmì Ì àti ẹsẹ̀ àmì Í yóò kan ara wọn, wọn yóò sì di V kékeré kan tó fẹsẹ̀ lé ọ̀pá méjì. Nítorí náà, I nílò àmì tirẹ̀: ẹ fi gíga àti fífẹ̀ ọ̀pá rẹ̀ sílẹ̀ bí ó ti wà, ṣùgbọ́n kí dídà rẹ̀ jẹ́ 80 dípò 120, kí gbogbo rẹ̀ fẹ̀ ní 210. Àlàfo 40 yóò wá wà láàárín àmì méjèèjì. Iṣẹ́ yìí kò gba àkókò, ṣùgbọ́n òun ni mo kọ́kọ́ máa ń wò bí mo bá fẹ́ mọ̀ bóyá ẹni tó ya fọ́ǹtì kan ti fi ka Yorùbá rí.

Fún àmì abẹ́, ẹ ya onígun mẹ́rin tó fẹ̀ ní 140 tó sì ga ní 110. Ẹ má wulẹ̀ gé igun rẹ̀, nítorí pé kò tóbi tó ohun tí ẹnikẹ́ni yóò rí. Àwọn kan fẹ́ràn ìlà kúkúrú tó dúró lábẹ́ lẹ́tà. Nínú fọ́ǹtì kíki báyìí, ìlà bẹ́ẹ̀ máa ń dà bí ìrù, nítorí náà àmì tó dá dúró ni mo yàn. Àlàfo 50 tó wà láàárín òun àti lẹ́tà kò gbọ́dọ̀ dín. Ní pọ́ǹtì 300, àlàfo náà fẹ̀ ju mìlímítà 5 lọ. Ní pọ́ǹtì 24, kò ju mìlímítà 0.42 lọ, yíǹkì sì lè dí i. Èyí ló mú kí n sọ pé fọ́ǹtì yìí kò dára fún ohunkóhun tó bá kéré sí pọ́ǹtì 24.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: so àmì mọ́ lẹ́tà

Unicode ti fún Ẹ ní U+1EB8, Ọ ní U+1ECC, Ṣ ní U+1E62. Lẹ́tà kékeré wọn jẹ́ U+1EB9, U+1ECD àti U+1E63. Ǹ wà ní U+01F8, Ń ní U+0143. Ṣùgbọ́n kò sí nọ́ńbà kan ṣoṣo fún Ẹ́, Ẹ̀, Ọ́, Ọ̀ tàbí M̀. Lẹ́tà ni kọ̀ǹpútà máa ń kọ́kọ́ gbà, kí ó tó gba àmì tó dá dúró, U+0301 fún ohùn òkè àti U+0300 fún ohùn ìsàlẹ̀. Fọ́ǹtì fúnra rẹ̀ ni yóò sọ ibi tí àmì náà yóò jókòó sí.

Nínú Font Info, ẹ lọ sí Lookups, ẹ yan GPOS, ìyẹn àtẹ tó ń sọ ibi tí àmì yóò jókòó sí, ẹ fi ìlà tuntun kan kún un tó jẹ́ Mark to Base Position, kí ẹ sì ṣe ojú ìsopọ̀ méjì sínú rẹ̀: ẹ pe ọ̀kan ní oke, ẹ pe èkejì ní isale. Lára O, ẹ fi oke sí àárín rẹ̀, ìyẹn 260 láti etí òsì rẹ̀, àti 700 ní gíga, isale sí 260 àti òdo. Lára àmì ohùn, tí a ti yà láti 750 dé 870, ẹ fi oke sí àárín rẹ̀ ní 700 gẹ́lẹ́. Lára àmì abẹ́ U+0323, ẹ fi isale sí òdo. Bí ojú méjèèjì bá pàdé, àlàfo 50 yóò wà níbẹ̀ fúnra rẹ̀. Gbogbo fáwẹ̀lì, M àti N, títí kan Ẹ àti Ọ, ló gbọ́dọ̀ ní ojú òkè.

Kíbọ́ọ̀dù kò ṣe bákan náà. Àwọn kan máa ń fi É sílẹ̀ kí àmì abẹ́ tó tẹ̀ lé e. Ẹ fi isale sára É, È, Ó àti Ò pẹ̀lú, kí ọ̀nà méjèèjì lè yọrí sí ibì kan náà. Níkẹyìn, ẹ fi Copy Reference gbé gbogbo lẹ́tà ńlá sí àyè lẹ́tà kékeré, pẹ̀lú ojú ìsopọ̀ wọn, nítorí pé bí ẹnikẹ́ni bá tẹ ọ kékeré tí kò sì bá nǹkan kan níbẹ̀, kọ̀ǹpútà yóò tún lọ yá a láti ibòmíràn.

Ìgbésẹ̀ keje: àyè láàárín lẹ́tà

H gba 45 lápá kọ̀ọ̀kan, O gba 40. Nínú fọ́ǹtì mìíràn, O máa ń gba àyè tó kéré gan-an ju ti H lọ nítorí pé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yí. Níhìn-ín, ẹ̀gbẹ́ O dúró ṣánṣán, nítorí náà wọn kò jìnnà síra. T gba 20, Y gba 10, ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún L náà gba 20. Lẹ́yìn èyí, ẹ fa àwọn méjì-méjì tó bá ṣì jìnnà síra súnmọ́ ara wọn: AY, YA, OY, YO, LT, FA. Ẹ fi Á àti À sí ọ̀wọ́ kan náà pẹ̀lú A, Ọ àti gbogbo ẹ̀dà rẹ̀ pẹ̀lú O, kí AYÉ àti ÀYÀ má bàa ní àyè tó yàtọ̀ síra.

Ẹni tó bá fẹ́ ẹ̀dà tí ó dà bí lẹ́tà tí a fi páálí gé yóò nílò afárá tí kò jẹ́ kí àárín lẹ́tà bọ́ sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń la àárín orí àti ìdí O fún èyí. Fún wa, ibẹ̀ gan-an ni àmì ohùn àti àmì abẹ́ wà, ìlà funfun náà yóò sì sún mọ́ àmì jù. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti òsì ni kí ẹ là á, ní ìwọ̀n 50. Ní ti ìpáta àti ọ̀dà gbígbó, ẹ má ṣe kó wọn sínú fọ́ǹtì rárá. Kí lẹ́tà jẹ́ mímú, kí ẹ wá fi gbígbó sára iṣẹ́ tí ẹ bá fẹ́ lò ó fún.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: ìdánwò àti ìtẹ̀jáde

Ẹ lọ sí File, ẹ yan Generate Fonts, kí ẹ sì gbé e jáde gẹ́gẹ́ bí fáìlì fọ́ǹtì OTF. Ẹ fi sórí kọ̀ǹpútà, kí ẹ ṣí LibreOffice, ètò ìkọ̀wé ọ̀fẹ́, kí ẹ tẹ Ọ̀YỌ́, ÒGBÓMỌ̀ṢỌ́, KÌÍNÍ, ÌṢẸ̀ṢE, ẸGBẸ́ àti ÒRÓŃBÓ sórí ìlà méjì tó tẹ̀ léra. Bí àmì bá bà sórí lẹ́tà tó tẹ̀ lé e, ojú ìsopọ̀ ni kò sí lára lẹ́tà yẹn tàbí lára àmì. Bí orí àmì bá gé, ẹ padà sí Win Ascent. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé ní ìwọ̀n tí ẹ ó fi lò ó gan-an, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, kí ẹ sì wò ó láti òdìkejì yàrá. Bí ẹ kò bá lè fi ìyàtọ̀ sáàárín Ọ́ àti Ọ̀ láti ibẹ̀, ẹ dín ìnípọn àmì kù sí 110.

Bí ẹ bá sì ń gbé iṣẹ́ lọ fún àwọn tó ń tẹ bánà, ẹ má ṣe gbé ọ̀rọ̀ tó ṣì ṣeé tẹ̀ fún wọn. Nínú Inkscape, ètò ìyàwòrán, ẹ yan ọ̀rọ̀ náà, ẹ lọ sí Path, ẹ yan Object to Path, kí ẹ tó fi í pamọ́ bíi PDF, nítorí pé kọ̀ǹpútà tó wà níbi ìtẹ̀wé kò ní fọ́ǹtì yín, yóò sì fi èyí tó bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ rọ́pò rẹ̀.